Ibi Tí Ìka Dókítà Kò Dé

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sanra gan-an. Kò sì sẹ́ni tó ka ìsanra rẹ̀ sí àìsàn nílé wa nígbà náà. Ìyìn ni wọ́n fi ń yìn ín. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tó jókòó, tí bẹ́ńṣì sì ké lábẹ́ rẹ̀, àwọn ìyá ìjọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Olúwa ṣeun, ara tu ọmọ yìí." Wọ́n mọ bàbá wa ní Ayépé, àgbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí egungun èjìká rẹ̀ máa ń yọ lábẹ́ ẹ̀wù. Pé ọmọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wá tóbi tó báyìí, lójú wọn, ìyà ti kọjá lórí ẹbí wa nìyẹn.

Pákó ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà. Ó ní ilé iṣẹ́ ìlagi kan ní ọ̀nà Ìmùṣin, níbi tí lẹ́búlẹ́bú igi ti máa ń bo gbogbo ewé ẹ̀bá ọ̀nà bí eruku ọyẹ́. Èmi, tíṣà ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá wa ni mo jọ ní tèmi, mo tẹ́ẹ́rẹ́. Bí àwa méjèèjì bá ń lọ lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn a máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹnì kan ti jẹ oúnjẹ ẹnì kejì. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá kú. Títí tí mo fi níyàwó, bó bá ní kí n jókòó, mo ti jókòó.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ ni, ṣùgbọ́n bó bá se ìkọ́kọrẹ́, tí òórùn ẹja gbígbẹ àti ata bá gba ojú fèrèsé jáde, aládùúgbò á rántí pé òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá wọn sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rán ṣòkòtò ọkọ rẹ̀. Ọdọọdún ló ń tú ìdí wọn láti fi aṣọ kún un. Kò ráhùn. Ó ní ọkọ tó kún inú aṣọ rẹ̀ ni gbogbo obìnrin ń tọrọ.

Ìgbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba padà ni mo kọ́kọ́ fura. Àwa méjèèjì ń lọ sí Ayépé nínú Pijó rẹ̀, fún ìsìn ìrántí bàbá wa. Ọ̀nà tí kò jìn ni, síbẹ̀ ó dá ọkọ̀ dúró, ó wọ inú igbó, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó padà. A kò tíì rìn jìnnà tó tún dúró. Nígbà tó padà dé, ó jókòó sí ìdí ọkọ̀, kò sì fi í sí jíà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan?"

"Ìtọ̀ ni. Bí mo bá dúró dè é, kò ní wá. Bí mo bá jókòó, á ní òun ń bọ̀."

Bàbá wa ni mo ń rò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rí i lẹ́yìn ilé ìdáná, tí yóò fọwọ́ kan ti ògiri, tí yóò dúró, dúró, bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn kan lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn kan ní ogbó ni. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ìrora ìdí ló fi lọ, ikùn rẹ̀ wú, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ṣe é.

Mo ní, "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá nìyẹn."

Ó yíjú sí mi. Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló fi ọkọ̀ sí jíà.

"Ṣé wàá bá mi lọ sí ọsibítù?"

"Màá bá yín lọ."

"Wọ́n á yẹ ìwọ náà wò o. Bàbá kan náà ló bí wa."

"Wọ́n á yẹ èmi náà wò."

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni a lọ nínú ìlú, ti ọ̀dọ́ dókítà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Ó ti ń dọ̀bálẹ̀ láti kí ẹ̀gbọ́n mi, kó tó rántí pé òun lòun wọ aṣọ funfun. Ó yẹ ìtọ̀ wa wò, ó ní kò sí ṣúgà nínú ti ẹnikẹ́ni. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé ohun kan wà tí gbogbo ọkùnrin ní lábẹ́ àpò ìtọ̀, kò ju èso awùsá lọ, pírósíteètì ni wọ́n ń pè é. Ihò ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí àgbà bá ń dé, ó lè wú kó fún ìtọ̀ lọ́rùn. Ìyẹn pọ̀, kì í sì í sábà pààyàn. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ tún lè mú un, pàápàá níbi tó bá ti mú bàbá ẹni rí. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń fi ìka kàn án láti mọ bó ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Láti ẹ̀yìn ibo?"

Dókítà sọ fún un.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè, bóyá torí pé èmi kò jiyàn. Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kí n tó mọ irú ojú tó yẹ kí n fi gbà á, ó ti parí. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, mo kàn án yíká. Ó rọ̀, ó sì dán. Ẹ máa wá lọ́dọọdún."

Àyẹ̀wò wá kan ẹ̀gbọ́n mi. Ìta ni mo wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò nípọn. Mo gbọ́ tí dókítà ní kó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ kó sì ká orúnkún mọ́ àyà. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dókítà, ikùn ló wà láàárín àwọn méjèèjì." Bẹ́ẹ̀dì ké. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n ní kó dìde kó fara ti tábìlì. Ó pẹ́. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ń di okùn ṣòkòtò, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, dókítà náà sì ń làágùn.

Dókítà ní, "Ẹ má bínú sí mi, sà. Mo fẹ́ kí àbúrò yín náà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ara yín kò jẹ́ kí ìka mi dé ibi tó yẹ kó dé. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo kàn, ibẹ̀ dára. Èyí tó kù lókè, mi ò kàn án, mi ò sì lè sọ bó ṣe rí. Ẹ lọ sí ọsibítù ńlá n'Íbàdàn, wọ́n ní irinṣẹ́ tí mi ò ní. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ dín ara kù."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Kí n dín ara kù? Kí wọ́n lè máa sọ lọ́jà pé ilé iṣẹ́ mi ti wó?"

Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó rí kòkòrò díẹ̀ nínú ìtọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì fún un ní oògùn tí yóò lò sí i. Ó tún ọ̀rọ̀ Ìbàdàn sọ nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí a délé, ìyàwó rẹ̀ kò bi mí, ọkọ rẹ̀ ló bi.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Dókítà ní ibi tí òun kàn dára."

Kò purọ́. Ohun tí dókítà sọ gan-an nìyẹn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ní ẹ lọ sí Ìbàdàn, torí èyí tí ọwọ́ òun kò kàn."

"A máa lọ."

Ìyàwó wa, bí mo ṣe máa ń pè é, wojú mi, ó wojú ọkọ rẹ̀, ó wá lọ bu omi ìfọwọ́ wá. Oògùn yẹn ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìtọ̀ rọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn, kì í dá ọkọ̀ dúró mọ́. Ohun tó jẹ́ kí Ìbàdàn di ọ̀la nìyẹn. Òjò dé, àwọn lọ́rì tó ń kó igi rì sínú ẹrẹ̀ nígbó. Lẹ́yìn náà, ìjọba fòfin de ọjà òkèèrè, kò rí abẹ ayùn rà. Bí mo bá rán an létí, á ní, "Tíṣà, ara mi le. Ìwọ tí egungun ń jáde lára rẹ, ìwọ ni kó o lọ." Èmi padà lọ bá dókítà wa lọ́dún kejì lóòótọ́. Mo sọ fún un pé mo lọ. Ó ní mo kú iṣẹ́.

Nígbà tó fi máa tún ṣe nǹkan bí ọdún méjì, ẹ̀yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bó bá fẹ́ dìde, á kọ́kọ́ di ìbàdí mú, á fi ẹnu fa afẹ́fẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó fà á, tàbí tí kò rò pé òun mọ̀ ọ́n. Oníkẹ́míìsì ní ìwúwo ni. Ọkùnrin tó ń fi àdí wọ́ ọ lára ní ìwúwo ni. Àlùfáà wa, tí òun náà kò kéré, ní, "Arákùnrin, ẹ wo ikùn tí a gbé síwájú. Ẹ̀yìn ni yóò rù ú." Ó bọ́gbọ́n mu. Èmi náà gbà á.

Ẹ̀gbọ́n mi pinnu láti dín oúnjẹ kù. Ó fi ẹran sílẹ̀ nínú àwo, ó ní ẹ̀bà kan ti tó. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Inú rẹ̀ dùn. Ó pàdé mi níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ó fa etí ṣòkòtò rẹ̀ kúrò lára, ó ní, "Wò ó. Dókítà ní kí n dín in kù. Mo ti ń dín in kù."

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a yọ̀. Ó wá bá mi ní ilé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ohun tí kò ṣe rí. A dúró lábẹ́ igi tó wà níwájú ọ́fíìsì.

Ó ní, "Tíṣà, èmi ni mò ń tún ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n yín rán. Mo mú ìdí wọn wọlé ṣáájú Àjíǹde. Mo tún ti mú wọn wọlé báyìí. Oúnjẹ tó fi sílẹ̀ kò tó ara tó lọ yìí."

"Ṣé ẹ̀yin náà ti bá a sọ ọ́?"

"Mo bá a sọ ọ́. Ó ní ìlara ni." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un padà lọ bá dókítà yẹn."

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi níbi ìlagi. Ó jókòó sórí ìtì igi, kò dìde kí mi. Mo bá a sọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ wá sọ. Mo rò pé á bínú. Kò bínú. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti ń rọ. Mi ò tíì sọ fún un."

Dókítà náà kò bá wa wí. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ bíi ti ìjọ́sí. Ikùn kò dí orúnkún mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pẹ́ rárá. Dókítà jáde, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Mo kàn án. Ó le bí òkúta. Ẹ lọ sí Ìbàdàn lọ́la, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀tunla."

Èmi ló wakọ̀. Ìyàwó wa jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìrọ̀rí tó fi ń ti ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. N'Íbàdàn, wọ́n gé díẹ̀ nínú pírósíteètì rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, dókítà àgbà ibẹ̀, ọkùnrin onírun funfun tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, fa àga wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní jẹjẹrẹ ni, ó sì ti jáde kúrò nínú pírósíteètì wọ egungun ẹ̀yìn àti ìbàdí. Ìyẹn ló ń dunni, kì í ṣe ìwúwo.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ara rẹ̀ sókè lórí ìrọ̀rí. Ó ní, "Dókítà, ká ní mo wá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rán mi ńkọ́?"

"Mi ò ní búra fún yín. Ó ṣeé ṣe kí á bá a nígbà tí kò tíì jáde nílé." Ó gbé ọwọ́ lé bẹ́ẹ̀dì. "Ara tó tóbi máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ìka wa kì í dé ibẹ̀ dáadáa. Bí ẹ̀yìn bá ń dunni, a ní ìwúwo ni. Bí ara bá ń lọ, a ní ó ṣe dáadáa. Àwọn tó tóbi bíi tiyín tí mo ti tọ́jú, ó máa ń pẹ́ kí á tó rí i lára wọn, ó sì máa ń le ju ti àwọn yòókù lọ."

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àrùn yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa, dókítà mìíràn sọ fún mi pé àyẹ̀wò náà lè tan ni jẹ. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó tóbi pọ̀, ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀ á sì ṣàn bí ọbẹ̀ tí wọ́n bomi lé. Iye rẹ̀ á kéré lórí ìwé, àrùn á sì wà nínú ara. Ó sì ní ó dà bíi pé ọ̀rá ara fúnra rẹ̀ a máa ran irú jẹjẹrẹ yìí lọ́wọ́ láti yá sí i. Mo ronú kan ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó sọ ọ́.

Ohun tí wọ́n lè ṣe n'Íbàdàn nígbà náà ni kí wọ́n yọ kórópọ̀n rẹ̀ méjèèjì, torí pé ohun tí kórópọ̀n ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni jẹjẹrẹ náà ń jẹ. Kò ní wò ó sàn pátápátá, ṣùgbọ́n yóò fún un ní ìsinmi. Dókítà ní kó lọ rò ó. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ògiri.

Mo fẹ́ jáde fún tọkọtaya. Ó ní, "Tíṣà, jókòó." Mo jókòó. Ó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìyíjú padà.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ mí dà?"

"Mo gbọ́."

"Mo fẹ́ kí o sọ tinú rẹ. Tíṣà á máa gbọ́."

Ìyàwó wa tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ohun tó máa ń ṣe bó bá ń wá ọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ọmọ tí Ọlọ́run fẹ́ fún wa, ó ti fún wa. Nínú ilé yẹn, ẹ̀yin ni mò ń bá jiyàn, ẹ̀yin ni mò ń sè fún, ìhanrun yín ni mò ń gbọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ yọ yẹn, èmi kò bá a sọ̀rọ̀ rí."

Mo gbọ́ ohùn kan láti ojú ògiri, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn fi dùn ún. Nígbà tó yíjú sí wa, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, bàbá wa kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é. Lọ pe dókítà wá."

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí ìrora náà ṣe tètè lọ. Kí ojú ọgbẹ́ tó jinná, ó ti ń sùn láìsí ìrọ̀rí lẹ́yìn. Ó ní ó dà bíi pé ẹnì kan sọ ẹrù kalẹ̀ lórí òun. A padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ó tún ń lọ jókòó níbi ìlagi láàárọ̀. Ìyà kan tó jẹ ẹ́ ni ooru. Nínú ọyẹ́ pàápàá, ara rẹ̀ á gbóná lójijì, òógùn á bò ó. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀ dé ọjọ́ orí tí nǹkan obìnrin ń dáwọ́ dúró, tí ooru ń mú òun náà. Mo wọlé bá wọn lọ́sàn-án kan lórí àga, tí wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo fẹ́ ara wọn ní àtọwọ́dọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Tíṣà, a ti di obìnrin méjì nínú ilé yìí." Ìyàwó rẹ̀ ní kó dákẹ́ kó gbé abẹ̀bẹ̀ wá, ó ti kan òun.

Ọ̀rọ̀ tí n kò retí lẹ́nu rẹ̀ ló sọ níbi ìpàdé àwọn onípákó. Ó ti ní kí n sin òun lọ. Àwọn ọkùnrin ńlá ńlá ló kún inú yàrá náà, ikùn lé orí tábìlì. Lẹ́yìn tí wọ́n ti jíròrò lórí igi àti lọ́rì, ó fi ọ̀pá rẹ̀ dìde. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan èyí tí wọ́n yọ. Ẹnì kan mí kanlẹ̀, ẹnì kan wojú ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ má rò pé mo wá bú yín. Ìsanra yín wù mí. Èmi náà sanra rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò, àgàgà ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣe bàbá rẹ̀. Bí dókítà bá sì ní ọwọ́ òun kò dé ibì kan, ẹ wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yóò dé ibẹ̀. Ibi tí kò kàn, kò tíì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a ń jáde, ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tó tóbi ju bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe tóbi rí lọ, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ibo ni ilé ìwòsàn yẹn wà. Mo júwe rẹ̀ fún un. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó lọ, àti pé kì í ṣe òun nìkan.

Nǹkan bí ọdún méjì àtààbọ̀ ni ìsinmi náà gbà. Ó fa ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà fún ọkọ láàárín ìgbà náà. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò yára. Lẹ́yìn náà ni ìrora egungun tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn, ó ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Kò fẹ́ padà sí Ìbàdàn mọ́, dókítà Ìjẹ̀bú-Òde yẹn sì ń wá sílé gún un lábẹ́rẹ́ tó ń dín ìrora kù. Wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Wọ́n a máa jiyàn lórí bọ́ọ̀lù.

Ọ̀sán ló kú, lẹ́yìn òjò àárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń fi tówẹ́ẹ̀lì tútù nu ojú rẹ̀, èmi ń ka ìwé ìròyìn fún un. Mo kà dé àárín ojú ewé kan, ìyàwó wa gbé ọwọ́ rẹ̀ lé apá mi. Mo ká ìwé ìròyìn náà, mo gbé e sílẹ̀. A jókòó tì í, àwa méjèèjì, kí a tó lọ pe àwọn ọmọ.